Ta ló ń dúró dè ẹ́ láàárọ̀?

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé wá bá mi jù lásìkò yìí kì í ṣe ti iṣẹ́, kì í tíẹ̀ ṣe ti japa. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé "Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ purpose mi?" Àwọn kọ́pà ń bi mí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Poly ń bi mí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lọ̀ ní Mọ́kọ́lá, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lórí aṣọ débi pé àwọn oníbàárà ti ń béèrè òun gan-an dípò ọ̀gá ẹ̀, òun náà jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò tíì mọ ohun tí Ọlọ́run torí ẹ̀ dá òun. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣẹ́ etí yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé kan, kò wo ọwọ́ ẹ̀ rárá, abẹ́rẹ́ ń wọlé ó ń jáde, ìlà ẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan.

Mo mọ ibi tí ìdààmú yẹn ti ń wá. Láti Bódìjà dé Challenge dé Ìwó Road, ẹ wo ara ògiri, pósítà ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ló kún bẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé bó o ṣe máa ṣàwárí ìdí tó o fi wáyé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ, kó o tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó gba máìkì á ní nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n torí ẹ̀ dá ẹ, tó bá bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, ayé ẹ ti lọ lásán nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó gbọ́ irú ẹ̀ á délé, kò ní rí oorun sùn.

Mi ò bá ìjọ jà o, èmi náà ń lọ. Àmọ́ sàìkọ́lọ́jì ni mo kà ní UI, iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ni mo sì ń ṣe níléèwé sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti jókòó ti àwọn ọmọ tó pọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti kó ṣìbáṣìbo bá, ó sì dá mi lójú pé bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀ fún wọn ò dáa. Lọ́dún 2006, ọ̀jọ̀gbọ́n kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Michael Steger, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan jáde, ìbéèrè 10 péré ló wà níbẹ̀. Márùn-ún ń béèrè bóyá ayé ẹ nítumọ̀ lójú ẹ, márùn-ún yòókù ń béèrè bóyá ò ń wá ìtumọ̀ kiri. Nígbà tí wọ́n lò ó fáwọn èèyàn, ẹ wò ó, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wíwá ò túmọ̀ sí rírí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wá a kíkankíkan gan-an ló sábà máa ń sọ pé àwọn ò ní in, ọkàn wọn kì í sì í balẹ̀ tó tàwọn yòókù. Ní Jàpáànì ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ẹni tó ń wá a níbẹ̀ lè ní in lọ́wọ́ kó ṣì máa wá sí i, torí náà kì í ṣe wíwá fúnra ẹ̀ ló burú, bó ṣe jẹ́ pé a ti sọ ọ́ di nǹkan tó fara pa mọ́ síbì kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ rí kó tó lè bẹ̀rẹ̀ ayé ni mo ń bá jà. Àwọn onímọ̀ míì, Samantha Heintzelman àti Laura King, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2014, ohun tí wọ́n rí ni pé tí wọ́n bá bi àwọn èèyàn lásán, èmi àti ẹ̀yin, bóyá ayé wọn nítumọ̀, èyí tó pọ̀ jù ló máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹnì kan á ní ṣebí àwọn baba wa náà sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn. Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló sọ nínú Ifá pé gbogbo orí kóra jọ nígbà kan, wọ́n ń gbìmọ̀, wọn ò pe ẹsẹ̀ sí i, Èṣù sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa yọrí láìsí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kò yọrí. Ìgbà tí wọ́n lọ ránṣẹ́ pe ẹsẹ̀ wá ni ìmọ̀ràn wọn tó di àṣeyọrí. Orí nìkan la wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa báyìí o, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹsẹ̀ sí wọn létí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yé mi jù nínú gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan yìí ni Viktor Frankl. Ará Vienna ni, ní Austria, wọ́n bí i lọ́dún 1905, dókítà ọpọlọ ni, Júù sì ni. Lọ́dún 1942 ìjọba Hitler kó òun, ìyàwó ẹ̀ àtàwọn òbí ẹ̀ lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Wọ́n gbé e láti àgọ́ kan dé òmíràn, ó dé Auschwitz, ìwé tó ti ń kọ tí wọ́n rán mọ́ inú kóòtù ẹ̀ sọnù síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ lọ́dún 1945, bàbá ẹ̀ ti kú, ìyá ẹ̀ ti kú, ìyàwó ẹ̀ náà ò sí mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá sọ pé ayé ò nítumọ̀, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ó sọ ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan nínú àgọ́ yẹn tí wọ́n ti pinnu àtipa ara wọn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, pé àwọn ò retí nǹkankan mọ́ láyé. Kò wàásù fún wọn. Ó ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ náà láti ìdí kejì, bóyá nǹkan kan ṣì wà tí ayé ń retí lọ́dọ̀ wọn. Ni wọ́n bá rí i pé ọ̀kan ní ọmọ tó fẹ́ràn gan-an tó ń dúró dè é nílùú òkèèrè. Èkejì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ àwọn ìwé kan tí kò tíì parí, kò sì sí ẹlòmíì tó lè bá a parí ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ká mi lára. Torí ìbéèrè yẹn ò béèrè pé kó o jẹ́ ẹni ńlá kankan, kò béèrè ẹ̀bùn tó yàtọ̀, kò tíẹ̀ béèrè pé kínú ẹ dùn. Kí ọwọ́ ẹ wà nínú nǹkan kan tí kò ní lè tẹ̀ síwájú tí o ò bá sí níbẹ̀, ó parí. Ìgbà tí mo bi ọmọ tẹ́lọ̀ yẹn pé ta ló ń dúró dè é láàárọ̀, ó ronú díẹ̀, ó ní ìyá àwọn ọmọ tó ni yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ òun, torí ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa wọlé, àbúrò òun ọkùnrin, òun lòun ń ṣàlàyé mátíìkì fún un lálẹ́, àti ọmọ iṣẹ́ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò gbà kí ẹlòmíì kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń ki òwú sí mọ́ṣìn. Ó wá wojú mi, ó ní "Àbí ìyẹn náà wà lára ẹ̀ ni?"

Ó wà lára ẹ̀. Frankl ní ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà rí ìtumọ̀: ohun tó ń fọwọ́ ẹ̀ ṣe, ẹni tàbí ohun tó fẹ́ràn, àti bó ṣe gbé ìyà tí kò ṣeé yẹ̀ lórí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, torí ilẹ̀ yìí la wà. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé ìyà tó ṣeé yẹ̀, kéèyàn yẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ ò sanwó fún látoṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní kó máa wá ìtumọ̀ nínú ẹ̀, owó ẹ̀ ni kí wọ́n san fún un.

Ní wọ́ọ̀dù kan tí ìyá mi ti gba ìtọ́jú, obìnrin kan wà tó ń nulẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ ẹni tí èèyàn ẹ̀ lọ ra oògùn tí kò tíì dé. Ó mọ ẹni tí ò jẹun. Tó bá ti nulẹ̀ dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, á tẹ̀ síwájú lórí ìgbálẹ̀ ẹ̀, á ní "Màmá, ọ̀sán òní ńkọ́, ó sàn ju tàná lọ àbí?" á sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton ti kọ nípa irú àwọn èèyàn yìí lọ́dún 2001, lára àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ń ṣe ìmọ́tótó ní ọsibítù kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà, àwọn kan ní ilẹ̀ làwọn ń nù, àwọn kan sì ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń wo aláìsàn sàn, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn ò ní ká máa san owó tí ò tó nǹkan fún wọn ṣá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò rántí orúkọ dọ́kítà ẹ̀, orúkọ obìnrin yẹn ló ń dá.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti wá ń dùn mí jù rèé, torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìyá wa àti bàbá wa ni.

Màmá kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Àdó, ẹ̀lùbọ́ ló tà ní Ọjà'ba láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀lùbọ́ yẹn ló fi rán gbogbo ọmọ ẹ̀ níléèwé. Àwọn ọmọ wá lọ tán, àwọn kan wà ní Canada, àwọn kan wà ní London, ọmọ tó mọ ìyá wọn sì ni wọ́n, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n ṣe táìsì sílé ẹ̀, wọ́n gbé sólà lé e lórí òrùlé, wọ́n gba ọmọbìnrin kan tó ń bá a dáná. Wọ́n wá pè é lórí fóònù, "Mummy, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó sọ́jà mọ́, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ṣé ẹ fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé a ò tọ́jú yín ni?" Màmá kó kóńgò ẹ̀ àti àwọn abọ́ ẹ̀ fún ọmọ àbúrò ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló bá a yọ̀, wọ́n ní ó ti jèrè ọmọ.

Kò pẹ́ rárá tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òní ọjọ́ mélòó. Á sùn lọ́sàn-án, kò ní lè sùn lóru. Orúnkún, ẹ̀yìn, orí, gbogbo ẹ̀ ló ń dùn ún, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n á ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọn ò ní rí nǹkankan. Mo máa ń yà kí i, tẹlifíṣọ̀n á wà lórí, kò ní máa wò ó. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ohùn ẹ̀ ò tíẹ̀ yí padà, ó ní "Ìyáàfin, tí mo bá jí, mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ lọ bá."

Ẹ rántí pé kò sí ìfẹ́ tí wọn ò fẹ́ ẹ. Owó ń wọlé. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ẹni tó ń dúró dè é.

Lọ́dún 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin ṣe nǹkan kan ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fáwọn kan níbẹ̀ pé ọwọ́ ara yín ni ìpinnu wà, wọ́n ní kí kálukú mú òdòdó kan tó bá wù ú, kó sì máa tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn yòókù gba òdòdó náà, àmọ́ wọ́n sọ fún wọn pé àwọn nọ́ọ̀sì ni yóò máa bomi rin ín, kí wọ́n má ṣe ìyọnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn tó ń tọ́jú òdòdó tiwọn ti yá ju tàwọn yòókù lọ, inú wọn ń dùn, wọ́n ń jáde lọ bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ilé kan péré ni o, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò pọ̀, mi ò sọ pé ká gbé gbogbo ayé lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà tiwa lára ẹ̀: "Mummy, ẹ fi sílẹ̀. Daddy, ẹ jókòó. Ẹ má ṣe ìyọnu." Gbogbo òdòdó ọwọ́ wọn la ti bá wọn gbà.

Ní Chicago, Patricia Boyle àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó ju 900 lọ fún ọdún mélòó kan, ti àwọn míì tó ọdún 7, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Àwọn tó rí ìdí tí wọ́n fi ń jí láàárọ̀, àǹfààní tí wọ́n ní láti má kó àrùn Alzheimer, ìyẹn àrùn ìgbàgbé tó ń bá àwọn àgbà jà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ tàwọn tí ò rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àrùn yẹn fúnra ẹ̀ ló ti ń yọ́ jẹ ọkàn àwọn kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, torí náà mi ò ní sọ pé èyí ló fa tọ̀hún. Tó bá jẹ́ ti Ìbàdàn níbí, Ìdíkàn tí gbogbo wa mọ̀ yìí, àwọn dókítà UCH àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti 1992 lórí àrùn ìgbàgbé lápapọ̀, Alzheimer wà lára ẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ní Ìdíkàn, bí ẹyọ kan ó lé díẹ̀ (1.35) ló ń kó o lọ́dún kan, nígbà tó jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ àti nǹkan àjogúnbá làwọn dókítà yẹn ń wò, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Mo kàn ń sọ ohun tí èmi máa ń rí tí mo bá gba Ìdíkàn kọjá ni: àgbà tó jókòó síta, ọmọdé ń kí i, obìnrin méjì dúró níwájú ẹ̀ ń rojọ́, wọn ò ní kúrò títí tó fi máa dá a.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ti mọ nǹkan yìí tipẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, kó tó di ọ̀gá àgbà UI, kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n sínú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín ìlú bí èèyàn. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá: tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ bíi méjì ni nǹkankan ò dùn mọ́ ẹ, o ò jẹun, o ò sùn, tàbí ọkàn ẹ ń sọ fún ẹ pé kó o kú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ purpose, àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè. UCH ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀. Lọ bá wọn.

Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ńkọ́? Ọmọ àbúrò ẹ̀ tó gba kóńgò lọ́wọ́ ẹ̀ ló gbé àpò ẹ̀lùbọ́ kan wá lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Mo wà níbẹ̀. Màmá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rún un, ó gbóòórùn ẹ̀, ó jù díẹ̀ sẹ́nu, ó ní "Èyí ò gbẹ tó kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Lọ́wọ́ ta lo ti rà á?" Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó tà á fún un, ó ń bú u tayọ̀tayọ̀, mi ò gbóhùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà làwọn obìnrin Ọjà'ba ti ń gbé ẹ̀lùbọ́ wá fún un kó bá àwọn wò ó kí wọ́n tó sanwó. Tó bá ní kò dáa, wọn ò ní rà á. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Kò béèrè òní ọjọ́ mélòó mọ́, torí ó mọ ọjọ́ ọjà.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin wálé lóṣù Disẹ́ḿbà, ó bá àpò ẹ̀lùbọ́ lórí táìsì tuntun, inú bí i, ó pè mí pé ṣé èmi náà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sọ ìyá òun di ọlọ́jà padà. A sọ̀rọ̀ pẹ́. Ohun tí mo bá a sọ náà ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń ka èyí sọ. Ẹ máa fowó ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Tó bá jẹ́ ẹrù wúwo ni ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbé mọ́, ẹ gba ẹni tó máa bá wọn gbé e, ẹ má pa ọjà náà. Tí bàbá yín bá ti rítáyà ní Sẹkitéríàtì, tó wá ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ jókòó sí bàràǹdà lójoojúmọ́, ẹ bá àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé ìwé owó tíráńsífọ́mà fún wọn, ẹ ó rí bí àkọsílẹ̀ ẹ̀ ṣe máa péye. Tẹ́ ẹ bá sì pe ìyá yín lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn "ṣé ẹ ti lo oògùn yín," ẹ bi wọ́n ní nǹkan tẹ́ ẹ ò mọ̀ lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń bá àna tó le gbé, tàbí ìdí tí ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì yín fi ń ṣàn, kẹ́ ẹ sì jókòó gbọ́ ọ tán.